Ẹ Ka Ọjà Yín Kí Ẹ Tó Pe Ẹnikẹ́ni Ní Àjẹ́

"Ọjà ń tà, àmọ́ n kò rí owó rẹ̀." Ẹjọ́ tí àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò l'Abuja ń gbé wá bá mi nìyẹn, láti Kubwa títí dé Nyanya. Tí mo bá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ka ọjà inú sítọ́ọ̀ kẹ́yìn, wọn á ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ló wà níbẹ̀, ọkàn àwọn balẹ̀.

Ìṣàkóso iléeṣẹ́ kì í ṣe awo. Henri Fayol, ẹ̀ńjìníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìdarí iléeṣẹ́ ìwakùsà kan lọ́dún 1888 nígbà tó kù díẹ̀ kó kógbá sílé. Ó jẹ́rìí sí i pé kùsà kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi dìde padà; ọ̀nà tí wọ́n ń gbà darí rẹ̀ ló yí padà. Lọ́dún 1916 ó là á sílẹ̀ pé iṣẹ́ márùn-ún ni ti ọ̀gá: kó ṣètò sílẹ̀, kó fi èèyàn àti irinṣẹ́ sí àyè wọn, kó pàṣẹ, kó mú kí iṣẹ́ gbogbo wọn bára mu, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni wọ́n ń ṣe.

Mi ò ní pẹ́ lórí mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti gba sọ́ọ̀bù, tó sì gba ọmọ sí i, ti ń ṣe wọ́n. Ẹ sáà rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí Dádì bá ti ń pàṣẹ, tí Mọ́mì ń yí i, tí àbúrò Dádì tún ń fi fóònù darí wọn láti Ìlọrin, kò sí ọ̀gá níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, àbójútó, ló ń pa yín. Ẹ jẹ́ ká mú sìmẹ́ǹtì. Àpò 400 wà ní sítọ́ọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọkọ̀ já 200 kún un. Rìsíìtì ní ẹ ti ta 350 títí di alẹ́ Sátidé. 250 ló yẹ kó kù, ẹ kà á, ẹ bá 238. Níbi àpò 12 yẹn ni iṣẹ́ ọ̀gá wà. Ṣé ó ya ni? Àwọn èyí tó ya dà? Àbí àwìn ni? Ta ló gbé e, ta ló yọ̀ǹda rẹ̀? Lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ bèèrè, torí tó bá fi di oṣù tó ń bọ̀, àlàyé á ti pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ. Kí ẹni tó ń gbowó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé, kí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ má sì sí lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ̀yin ni kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́. Báǹkì gan-an kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá ṣí yàrá owó.

Iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo ṣèdánwò fún, nìyí, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń ta "àṣírí ọrọ̀" lórí WhatsApp, àti àwọn tó ń ta ọṣẹ awúre. Obìnrin kan tó ń ta páànù ní Dei-Dei ti ra ọṣẹ, ó ti gbààwẹ̀, ó ti ri nǹkan mọ́ ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ owó ọjà rẹ̀. Ojú mọ̀lẹ́bí ló ti pe ìyá náà ní àjẹ́. Ìyá kó ẹrù, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n wá pè wá, ìwé rìsíìtì méjì la bá nínú dúrọ́ọ̀ ọmọ tó ń bá a tajà, ìtẹ̀wé kan náà, nọ́ńbà kan náà. Èyí tí ọ̀gá mọ̀ wà lókè, èkejì wà lábẹ́ páálí. Orúkọ ọmọ náà ló ń jáde lára bébà POS, kì í ṣe ti sọ́ọ̀bù. Ọdún ń yípo, ọ̀gá kò wo bébà yẹn rí.

Ó ti rán èèyàn lọ tọrọ àforíjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ní òun gbọ́, àmọ́ òun kò padà wá s'Abuja mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní sọ́ọ̀bù, ẹ fi káàdì yín san 100 náírà lórí POS yín nísinsìnyí, kí ẹ wo orúkọ tó máa jáde.