Ẹ Dá Tẹ́mósítáàtì Ọkọ̀ Yín Padà

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ wa á gbé ọkọ̀ asáré àtijọ́ wọn dé láti Àbújá àti Èkó: BMW E46 àti E39, Honda Accord V6 tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, Camry Muscle V6. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mọkáníìkì ní Kàbbà: "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ tà á, èló ni wọ́n á rà á?" Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ ibi tí ìdáhùn wà ni ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tú ilé tẹ́mósítáàtì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òfìfo lẹ máa bá níbẹ̀: ẹnì kan ti yọ tẹ́mósítáàtì náà dà nù.

Ẹni tó yọ ọ́ á ní ilẹ̀ wa gbóná, pé torí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe é. Irọ́ gbáà ni, irọ́ tó sì ń pa ẹ́ńjìnì ni. Iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì ni kó dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnì títí á fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì náà fún, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un sí rádíétọ̀. Ti Camry máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní 82°C. Ti M54, ẹ́ńjìnì BMW tó wà nínú 325i àti 530i, 97°C ni. Ooru Lọ́kọ́jà nínú oṣù kẹta, bó ti wù kó mú tó, ṣé ó dé ìdajì 97 ni?

Bí ẹ bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnì ò tíì jí dáadáa, á wá máa tú pẹ́tíróòlù sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Pẹ́tíróòlù yẹn á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, á ṣàn lọ bá èyí tó wà nísàlẹ̀, á sọ ọ́ di olómi. Ríǹgì àti sìlíńdà á wá máa ha ara wọn. Gíà ọ̀tọ̀mátíìkì pàápàá ń retí kí omi gbóná kó tó ti kọ̀ńfátà, ohun tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, pa. Bí omi ò bá gbóná, kọ̀ńfátà á máa yọ̀, ọ́ìlì gíà á sì máa jó. Kóòdù tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò á gbé jáde ni P0128, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ. Àwọn rewáyà kan á kàn pa kóòdù náà rẹ́, wọn á gbowó, ọkọ̀ á sì máa kú lọ.

Ohun tó tún burú jùyẹn ni pé tẹ́mósítáàtì ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, títí kan M54, ojú méjì ló ní. Bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rádíétọ̀ ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí po nínú ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ọ́, àbùjá á wà ní ṣíṣí gbayawu, apá kan omi gbígbóná ò ní fojú kan rádíétọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ kó má baà gbóná fi máa ń hó nígbà tó bá ń rá pálá lẹ́yìn tírélà sìmẹ́ńtì ní Ọbájáná.

Omi ńkọ́? Omi kànga àti ti bọọ̀hólù ń fi ìpẹ́pẹ́ funfun sílẹ̀, irú èyí tí ẹ máa ń rí ní ìdí kẹ́tù, ó sì ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Kúláǹtì ìdajì, omi dísítíìlì ìdajì, tí ìdérí rádíétọ̀ bá sì mú dáadáa, àdàlù yẹn lè dé nǹkan bíi 129°C kó tó hó. Omi lásán lábẹ́ ìdérí tó ti rọ̀, 100°C ti tó o. Ẹ má sì da kúláǹtì Toyota aláwọ̀ osùn pọ̀ mọ́ ti BMW aláwọ̀ búlúù.

Ẹ̀yin oní-M54, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Táǹkì omi oníke, ìdérí rẹ̀, pọ́ǹpù omi, tẹ́mósítáàtì, họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bíi 100,000 kìlómítà, torí ìgbà kan náà ni ike wọn ń gbó. Lẹ́yìn náà ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde: ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, ẹ gbé hítà sí gbígbóná jù, fáànù inú sí kékeré jù, ẹ tú síkúrù ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu táǹkì, ẹ máa rọra da àdàlù kúláǹtì yẹn sínú táǹkì títí omi tó ń jáde níbẹ̀ ò fi ní hó ìfófó mọ́. Ẹ rọra dè é padà, ike ni. Ẹni tó kàn rọ omi kún un tó sì dé e, afẹ́fẹ́ ló tì mọ́ orí ẹ́ńjìnì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìka tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn, tó dúró láàárín lójú dáṣíbọọ̀dù. Wọ́n ti ṣètò ti E46 àti E39 kó má ṣe mira láti nǹkan bíi 75°C títí dé nǹkan bíi 115°C. Ìgbà tí ìka bá fi máa kọjá àárín, orí ẹ́ńjìnì lè ti máa tẹ̀. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi máa wò ó.

Ibí gan-an ni owó ọkọ̀ ti ń lọ. Orí M54 tó bá ti tẹ̀ máa ń fa ojú ìdè bọ́ọ̀tì yọ kúrò nínú bulọ́ọ̀kù. Bọ́ọ̀tì rẹ̀ náà, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni, síbẹ̀ wọ́n ń dá ti àná padà síbẹ̀. Ọjà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́. Olùrà tó gbọ́n á ṣí ìdérí ọ́ìlì, bó bá rí ohun tó dà bí ògì lábẹ́ rẹ̀, á kí yín pé ó dàbọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, M5 E39 tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2003, V8 lítà 4.9 tó ní agbára ẹṣin 400, àti Mercedes 500E tí Porsche bá wọn tò, ti gbówó lórí padà. Èyí tí ohun inú rẹ̀ ṣì pé, tí ìwé àtúnṣe rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ni wọ́n ń du. Lọ́dọ̀ tiwa, ìṣòro àtirí ẹ̀yà ara ọkọ̀ (pààtì) ni olùrà ń bẹ̀rù, torí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ má sì gé sípíríǹgì láti mú ọkọ̀ balẹ̀.

Ní kúkúrú, Accord V6: bẹ́líìtì táímìn tó bá já, fáàfù á lu písítìnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù omi. Ọ́ìlì gíà rẹ̀, DW-1 ti Honda ni, nǹkan bíi lítà mẹ́ta ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ tú u, ẹ dà á lẹ́ẹ̀mẹta. Camry Muscle V6: họ́ọ̀sì ọ́ìlì VVT-i (ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) tó ní rọ́bà láàárín, ẹ fi páìpù onírin rọ́pò rẹ̀ lónìí. Bó bá bẹ́, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì á tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ pé ayé ló ṣe ọkọ̀ yín. Oògùn tí wọ́n so mọ́ sítíárìn kò lè di họ́ọ̀sì. Bó bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ pa AC, ẹ tan hítà sí gbígbóná jù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣí ìdérí, omi gbígbóná yẹn ń bó ojú èèyàn. Ẹ má da omi tútù sára ẹ́ńjìnì, orí rẹ̀ á sán. Ẹ jókòó ó kéré tán wákàtí kan, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ nípọn di ìdérí mú, kẹ́ ẹ rọra yí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ti gbẹ pátápátá, ẹ má tún tan ọkọ̀ náà mọ́, ẹ wá ẹni tó máa wọ́ ọ dé Kàbbà.