Dùùrù Onífèrè: Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀ Wá àti Bí A Ṣe Ń Jí I Dìde

Inú ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni dùùrù onífèrè, èyí tí afẹ́fẹ́ ń mú fèrè rẹ̀ dún, ti bẹ̀rẹ̀. Ctesibius, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú ìbí Olúwa wa, ni ìtàn kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é: omi ni ó lò láti fi ti afẹ́fẹ́, kí agbára rẹ̀ má baà máa ga kí ó sì máa rẹlẹ̀. Àwọn ará Róòmù gbà á, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ níbi eré ìdíje. Ní ọdún 757, Ọba Constantine Karùn-ún ti ilẹ̀ Bisáńtíọ̀mù fi ọ̀kan ta Pepin, ọba àwọn Faranki, lọ́rẹ, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Yúróòpù sì sọ ọ́ di tiwọn.

Àgbádárìgì ni orin ìyìn àwọn oníwàásù gbà wọ ilẹ̀ wa. Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend ti CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Áńgílíkà) sì dé kí ọdún náà tó parí. Igi àgíyà tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ kò wó títí di ọdún 1959. Ní Èkó ni dùùrù onífèrè ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, pàápàá ní Kàtídírà Kristi ní Marina, níbi tí Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ atẹdùùrù àti olùdarí akọrin láti ọdún 1914 títí di 1962, tí Fẹlá Ṣówándé sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, Àgbádárìgì tí orin náà gbà wọlé yẹ ní dùùrù onífèrè tí ń dún dáadáa, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Èyí tí ó kéré, tí ìlà fèrè rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, a máa ní nǹkan bíi 200 fèrè. Ẹwìrì rẹ̀ jọ ti alágbẹ̀dẹ: awọ àgùntàn ni wọ́n fi bo oríkèé pákó rẹ̀, gọ́ọ̀mù tí a sè láti inú awọ ẹran ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù yìí. Bí ó bá ti ń rọ̀, awọ a ṣí, afẹ́fẹ́ a sì máa jò kí ó tó dé inú fèrè. Síbẹ̀, ìwà kan náà yìí ni ó jẹ́ kí àtúnṣe ṣeé ṣe, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná ni a ó tẹ́ lé awọ gbígbó náà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ láìba pákó jẹ́. A ó gé awọ tuntun, a ó fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀ kí ó fẹ́lẹ́, a ó sì lẹ̀ ẹ́ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì gbóná. Ẹni tí ó bá lo gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àtúnṣe fèrè tánganran àti òjé kò le tó bẹ́ẹ̀: a ó fọ eruku ẹnu wọn, a ó sì fi ọ̀pá igi ti èyí tí ó tẹ̀ sóde láti inú. Ooru a máa gbé ohùn fèrè sókè, nítorí náà, àkókò tí ooru ilé bá rí bí ti ìgbà ìsìn ni kí a tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dùùrù náà, kí wọ́n má yọ ọ̀pá tí a fi ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹwìrì kúrò, nítorí pé bí iná bá lọ láàárín ìsìn, ọmọ akọrin kan lè máa fẹ́ ẹ títí orin yóò fi parí.