Ẹ̀rọ méjì nínú jíìpù kan kò sọ eré di ìlọ́po méjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn jíìpù asáré ló gbà pé èyí tó bá ní ẹ́ńjìnnì epo àti ẹ̀rọ iná pọ̀, ìyẹn plug-in hybrid, kò lè gbẹ́yìn èyí tó ń lo iná nìkan. Ohun tí wọ́n rò ni pé agbára méjì ju ọ̀kan lọ. Tí wọ́n bá ti rí iye agbára ẹṣin lórí ìwé, ó tán. Mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń gbà á gbọ́, nítorí kò jọ irọ́ rárá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì láti ilé iṣẹ́ kan náà. Porsche Cayenne Turbo E-Hybrid, tó ń jẹ epo tó tún ń jẹ iná, ní agbára ẹṣin 739. Macan Turbo tó ń lo iná nìkan ní 639, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá lo Launch Control, ètò tó ń tú gbogbo agbára sílẹ̀ fún ìgbéra. Bí kò bá lò ó, 584 ni. Ọgọ́rùn-ún gbáko ni Cayenne fi jù ú. Síbẹ̀, láti ìdúró dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ohun tí Porsche fúnra rẹ̀ kọ ni ìṣẹ́jú àáyá 3.7 fún Cayenne, 3.3 fún Macan. Cayenne tóbi jù ú lóòótọ́, àmọ́ bátìrì Macan wúwo débi pé ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Àròpọ̀ yẹn gan-an kì í pé. Ẹ́ńjìnnì Cayenne yìí ní 599, ẹ̀rọ iná rẹ̀ ní 176. Ẹ rò ó pọ̀, 775 ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe 739. Ti BMW XM, tóun náà ń jẹ epo àti iná, 489 àti 197 yẹ kó jẹ́ 686, ṣùgbọ́n 653 ni wọ́n kọ. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ iná kì í dé góńgó agbára wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Lamborghini. Urus Performante, epo nìkan ló ń jẹ, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 666, ó sì ń dé 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 3.3. Wọ́n wá ṣe Urus SE, wọ́n fi ẹ̀rọ iná kún un, agbára di 800, àkókò rẹ̀ wá di 3.4. Òótọ́ ni pé wọ́n dìídì dín ìwúwo Performante kù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: agbára ẹṣin 134 wọlé, ìgbéra kò yá sí i. Bátìrì tó bá a wọlé wúwo, agbára tuntun yẹn ló sì ní láti gbé e.

Inú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe tẹ Macan mọ́lẹ̀, iná ń dé ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gbogbo agbára tí wọ́n fi ń yí táyà sì ti wà níbẹ̀ kí táyà tó yí ẹyọ kan. Kò sí ìdúró de ohunkóhun. Nínú Cayenne, ẹ̀rọ iná máa ń gbéra lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ní láti kọ́kọ́ yára sí i, kí èéfín tó lè yí tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, dáadáa. Àwọn méjèèjì sì ń gba inú gíábọ́ọ̀sì onípele mẹ́jọ kan náà kọjá, tó ní láti pààrọ̀ jíà lójú ọ̀nà. Ohun kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú eré tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, wọn kì í ṣe kékeré mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òǹkà tí wọn kò wọ̀n bákan náà. Tesla kọ 2.5 fún Model X Plaid, jíìpù rẹ̀ tó ń lo iná nìkan, ṣùgbọ́n máìlì 60 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, tí kò tó 97 kìlómítà, wọ́n sì yọ ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ẹ má fi ṣe ẹgbẹ́ 3.3 ti Porsche.

Ìgbà tí eré bá ti ga gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń gba ẹ̀san. Eré tó ga jù fún Macan Turbo ni 260 kìlómítà ní wákàtí kan. Cayenne ń dé 295, Urus SE ń dé 312. Bí eré ṣe ń ga ni agbára ẹ̀rọ iná tó ní jíà kan ṣoṣo ń rọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ní jíà tó kù láti lò.

Bátìrì tún ń yí gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tó ń lo iná nìkan, bí cháàjì rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ gan-an tàbí tí bátìrì bá tutù nini, kò ní lè gbéra bíi ti ìwé mọ́. Èyí tó ń jẹ méjèèjì, bí bátìrì rẹ̀ bá tán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló ń fa gbogbo ẹrù yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fídíò tí jíìpù méjì ti ń bára wọn sáré, ẹ kọ́kọ́ wá bí cháàjì ṣe kù sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.