Igi edó ló bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọdé, kì í ṣe Róòmù

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ pé kí ọmọ kékeré máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì, orúkọ Maria Montessori ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Lóòótọ́ ló ṣílé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní San Lorenzo ní Róòmù lọ́dún 1907, àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò pé ló sì ti kọ́kọ́ ń kọ́. Froebel, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, náà ti ń gbé bọ́ọ̀lù àti igi gígé lé ọmọdé lọ́wọ́ ní Jámánì ní nǹkan bíi 1837. Ó tó fún wọn. Ọmọ Oǹdó lèmi, mo sì gbà tọkàntọkàn pé nǹkan yìí ti wà lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó bí wọn.

Ẹ wo ìtàn ìlú wa. Àwọn àgbà ní nígbà tí Púpùpú, tó kọ́kọ́ jọba ìlú wa, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n máa dó sí, Ifá ní kí wọ́n máa fi igi edó, igi tí iṣu ń fà mọ́, gún ilẹ̀ lọ, ibi tó bá ti kọ̀ tí ò wọlẹ̀, ibẹ̀ ni ilé. Wọ́n gún un títí, ó ń wọlẹ̀, àfi ibì kan tó kọ̀, ni wọ́n bá ní "edo du do", edó ò wọlẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ Oǹdó ti wá. (Àwọn ará Àkúrẹ́ ní ìlẹ̀kẹ̀ tó já ló sọ ìlú tiwọn lórúkọ, àkún rẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ já fúnra ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò dán nǹkan kan wò.) Kí la tún ń pè ní sáyẹ́ǹsì? O bi ilẹ̀ léèrè, o gbọ́ èsì tó fún ẹ. Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọdé wà láàárín wọn, torí kò sẹ́ni tó ń ṣí kúrò nílùú tó máa fọmọ sílẹ̀, ọmọ wo ló sì máa rí àgbà tó ń figi gúnlẹ̀ tí ò ní wá tiẹ̀ gún?

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Lágboolé ìyá ìyá mi, wọ́n á jó èèpo kòkó gbígbẹ di eérú (kí kòkó tó dé, eérú igi àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni), wọ́n á rọ ọ́ sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi náà á máa kán tó, tó, á pọ́n bíi tíì. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà tí ojú rẹ̀ ò ríran láti kékeré, òun ni ìyá àgbà máa ń pè. Á ki orí ìka kan bọ̀ ọ́, á fi ra ìka kejì, kíá ni wọ́n á bomi fọ̀ ọ́ fún un torí omi eérú máa ń bó ara. "Kò tíì yọ̀, Ìyá." Wọ́n á tún da omi náà padà sórí eérú tuntun. Ìgbà tó bá sọ pé ó ti ń yọ̀ bí ilá ni wọ́n tó máa gbé e kaná pẹ̀lú àdín. Àwa tójú wa ríran ò mọ̀ ọ́n tó o.

Ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ò pọ̀. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé sí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì náà wà ńbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin pé wọn ò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ẹni tó níṣòro ara, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama sì wà nínú ẹ̀.

Ọmọ àbúrò ìyá mi yẹn ṣì ń se ọṣẹ. Táwọn ọmọ àdúgbò bá dé, ìka wọn ló kọ́kọ́ máa ń béèrè.