Ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì nínú ilé: omi lẹ kọ́kọ́ máa sìn

Ẹni tó bá fẹ́ sin ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì, ẹ̀dá òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ nì, nínú àpótí gíláàsì ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, kó má tíì ná kọ́bọ̀ lórí ẹran náà. Omi ni kó kọ́kọ́ sìn, fún oṣù méjì sí mẹ́ta.

Gíláàsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju líta 200 lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sí i, torí tí ẹ bá kó méjì pọ̀, ọ̀kan lè pa èkejì jẹ. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣeé lò: kò ní kálísíọ̀mù àti maginíṣíọ̀mù tó wà nínú omi òkun. Iyọ̀ omi òkun tí wọ́n pò fún àkúéríọ̀mù (àpótí gíláàsì ẹja) ni kí ẹ rà, giráàmù 35 fún líta kan, ìyẹn kìlò 7 fún líta 200. Inú ike ni kí ẹ ti pò ó, kí pọ́ǹpù máa rò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún bàbà. Bàbà ló ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì, òun ló sọ ẹ̀jẹ̀ náà di aláwọ̀ aró, síbẹ̀ bíńtín rẹ̀ nínú omi ti tó pa á. Ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi idẹ ṣe, bàbà wà nínú rẹ̀. Omi òjò tó ṣàn lórí páànù náà lè kó síńkì wá. Omi tí ẹ̀rọ RO, ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú awọ tóóró kọjá, ti sẹ́ ló dára jù.

Tí omi bá ti wà nílẹ̀, ẹ to òkúta sí i, ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ sọ edé tútù kan sínú rẹ̀ kó jẹrà. Ìjẹrà yẹn ló ń bí áńmóníà, tó jẹ́ májèlé fún ẹ̀dá inú omi. Àwọn bakitéríà orí òkúta á sọ ọ́ di náítíráìtì, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wò ó. Àfi tí áńmóníà àti náítíráìtì bá di òdo tí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ ni omi gbó. Ibi tí èèyàn ti ń kánjú gbé ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì sínú omi tí kò tíì gbó gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kú.

Ìdérí kò gbọdọ̀ ní àlàfo. Ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì kò ní eegun kankan. Ẹnu rẹ̀ tó le bí ẹnu ayékòótọ́ nìkan ni kò ṣeé fún pọ̀. Ihò tí ẹnu yẹn bá ti lè kọjá, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Ẹ fi ìkọ́ dè ìdérí, kí ẹ sì fi fóòmù dí ibi tí wáyà àti rọ́bà gbà wọlé.

Ooru wa nìyẹn! Kí omi má kọjá 26°C. Ẹ kọ fáànù sójú omi. Bó ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ló ń tutù. Ṣùgbọ́n omi ló ń lọ, iyọ̀ kì í lọ, torí náà omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi kún un títí dé àmì tí ẹ fà sára gíláàsì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, kí pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìgò omi dídì tí ẹ dé pa láti jù sínú omi.

Akàn kékeré láàyè ni oúnjẹ tí ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù, irú èyí tí ẹ lè rí ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ gé ọwọ́ ńlá méjèèjì kí ó má baà gé e. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kó èépá àti èyí tó ṣẹ́kù jáde.

Ẹ má fín òtápiápiá nínú yàrá yẹn láé. Pọ́ǹpù atẹ́gùn á fà á wọ omi. Tí ọ́kítọ́pọ́ọ̀sì bá tu tàdáwà dúdú sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀, torí ó lè dí ìjàgbọ̀n tó fi ń mí. Ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì omi iyọ̀ pípò fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọdún kan sí méjì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò láyé. Tí abo bá yé ẹyin tán, á dẹ́kun oúnjẹ, á máa fẹ́ omi sí ẹyin títí tí ara rẹ̀ yóò fi ṣe wẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe gbé akàn lé e lọ́wọ́ tipátipá, ẹ má sì ro pé omi ló bàjẹ́.