Òwìwí tó ń ké lórí àpáta wa kì í ṣe àjẹ́

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Òwe yìí ni bàbá àgbà kan pa ní abúlé wa ní Ìjùmú, nígbà tí àwọn ọmọdé sọ òwìwí kan lókùúta nídìí kajú. Ẹyẹ náà ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n da karosíìnì sí i lára. Ó dùn mí wọra, torí mo mọ iṣẹ́ tó ń bá wa ṣe lóru.

Lábẹ́ àpáta tó máa ń sùn sí lọ́sàn-án, àwọn ìṣù dúdú kan wà nílẹ̀ bí ìgbẹ́ tó gbẹ. Ìgbẹ́ kọ́. Òwìwí kì í rún eku, odindi ló ń gbé e mì, tó bá sì yá, á bi irun àti egungun tí kò dà nínú rẹ̀ jáde. Mo fi igi tú ìṣù kan. Agbárí eku mẹ́ta ló wà níbẹ̀, eyín iwájú wọn ṣì pọ́n bí epo. Oúnjẹ òru kan péré nìyẹn.

Lóòótọ́, igbe òwìwí olójú funfun yìí ń já èèyàn láyà. Ṣe ló ń han gooro bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Ìyẹ́ apá rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú, kì í dún tó bá ń fò, àfi kí o ṣàdédé rí i lókè orí rẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òru tí ẹnì kan fẹ́ kú nìkan ló ń ké. Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn ni oorun kì í kùn, òun ló ń gbọ́ ọ. Òru tó ké tí ẹnikẹ́ni ò kú, ta ló kà á?

Ẹ jẹ́ ká wo ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, tó sì ti pààyàn ní Kogi wa níbí. Eku ló ń gbé e kiri. Ó ń tọ̀ sórí gààrí, èèyàn ń jẹ ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá ti dáná sungbó lẹ́bàá òkè, eku á ya wọlé, òwìwí á sì tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀ wá. Ibà yìí lè lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára kó tó fara hàn. Ẹyẹ tó ké lánàá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Eku tó fa àìsàn wọlé náà ló pe òwìwí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi májèlé eku sílẹ̀ káàkiri: eku tó jẹ ẹ́ ni òwìwí á gbé mì, òun náà á kú. Ẹ dí ihò ara ògiri, ẹ má sá àgbàdo mọ́jú síta, ẹ má sì gé igi oníhò tí òwìwí ń yé sí.

Èkejì ẹyẹ tí wọ́n pa yẹn ṣì wà lórí àpáta. Ó ké lóru àná. Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò ó bóyá ìdérí ike gààrí mi pa dé dáadáa.