Ṣé scale méjìlá ni oníbéèsì gbọ́dọ̀ há sórí?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ jìtá béèsì ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Òṣogbo, láti Òkè-Fìà dé Òkè-Báálẹ̀, gbà pé kíì méjìlá (ohùn tí d orin lè bọ́ sí) ló wà, nítorí náà scale méjìlá (títò d r m f s l t kíì kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n máa há sórí. Ọ̀pọ̀ wọn á há ti G àti C, wọ́n á pa ìyókù tì. Tí adárin bá wá dá orin lórí A flat, wọ́n á máa wá ohùn kiri.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníkíbọ́ọ̀dù ni mo fura sí pé ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní tiwọn, òótọ́ ni: scale G ní bọ́tìnì dúdú kan péré, ti A flat ní mẹ́rin, ìka ò sì lè rìn bákan náà lórí méjèèjì. (Abájọ tí wọn kì í fi bọ́tìnì transpose, tó ń yí kíì padà fúnni, ṣeré.)

Béèsì ò ní dúdú àti funfun. E, A, D, G ni okùn rẹ̀, fùrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá) márùn-ún ló sì ya ohùn okùn kan sí ti èkejì. Tẹ okùn E ní fùrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ohùn A ló máa dún. Jìtá olókùn mẹ́fà ò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀: ìwọ̀n yẹn yẹ̀ láàárín okùn G àti B.

Fi ìka àárín tẹ fùrẹ́ẹ̀tì kẹta lórí okùn E: d nìyẹn, ní kíì G. Fi ọmọńdinrín tẹ ìkarùn-ún, r nìyẹn. Bọ́ sórí okùn A: m wà ní ìkejì, f ní ìkẹta, s ní ìkarùn-ún. Lórí okùn D, l wà ní ìkejì, t ní ìkẹrin, d òkè ní ìkarùn-ún. Máa fẹnu kọ ọ́ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, sún gbogbo ọwọ́ síwájú ní fùrẹ́ẹ̀tì kan. A flat tó ń bani lẹ́rù nìyẹn, ìka kan ò yí padà. Bẹ̀rẹ̀ láti fùrẹ́ẹ̀tì kẹta okùn A, ó di C.

Orúkọ ohùn tó wà lórí okùn E àti A ló yẹ kéèyàn há, kó lè mọ ibi tí d wà kíákíá.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń kọsẹ̀ ni okùn E gbalasa (tí ìka kankan ò tẹ̀), torí kò sí fùrẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀ tí ìka ìfábẹ̀lá máa tẹ̀ fún m. Bí wọ́n bá dárin lórí E, lọ bẹ̀rẹ̀ ní fùrẹ́ẹ̀tì keje okùn A.